Àgbàlá Ilé-Ẹ̀kọ́: Ti Ìgbálẹ̀ Ni Tàbí Ti Àwọn Ọmọ?

Nígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ lórí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ kékeré ní ilẹ̀ wa, ohun mẹ́ta ni a sábà máa ń mẹ́nu kàn: ilé, ìwé, àti olùkọ́. Bí òrùlé bá ń jò, gbogbo ìlú ni yóò gbọ́. Bí ìwé bá wọ́n, àwọn òbí yóò kùn. Bí olùkọ́ kò bá sì tó, a ó kọ̀wé sí ìjọba. Ṣùgbọ́n ohun kẹrin kan wà tí ó ṣọ̀wọ́n kí ẹnikẹ́ni tó bèèrè rẹ̀, èyí náà sì ni ilẹ̀ tí ó yí ilé náà ká. Ibẹ̀ ni ọmọ ń kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ tẹ̀ bí ó bá dé ní òwúrọ̀. Ibẹ̀ ni ó ń sáré lọ nígbà tí agogo ìsinmi bá dún. Ibẹ̀ kan náà ni ó sì ń gbà padà sí ilé. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ yìí ni a fẹ́ bá ẹ̀yin òǹkàwé wa sọ lọ́sẹ̀ yìí, a sì bẹ̀ yín kí ẹ má ṣe ṣí ojú ewé yìí kọjá nítorí pé ọ̀rọ̀ eré ọmọdé wà nínú rẹ̀.

Àwọn tí ó dá ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ ní àárín wa ní àtijọ́ kò ṣahun ní ti ilẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ tí ó ti pẹ́ ní Abẹ́òkúta, ní Ìbàdàn, ní Iléṣà àti ní Oǹdó ni ó gba ilẹ̀ tí ó fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ilé-ìsìn, ilé olùkọ́, oko ilé-ìwé àti pápá bọ́ọ̀lù fi wà níbẹ̀ láìfún ara wọn mọ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ọmọ pọ̀ sí i. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kìíní ọdún 1955, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, èyí tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ jẹ́ olórí rẹ̀, ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, iye ọmọ tí ó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ẹkùn náà sì ju 800,000 lọ ní ọdún kan náà. Ní 1976, ìjọba àpapọ̀ ṣe irú rẹ̀ fún gbogbo ilẹ̀ Nàìjíríà. Ohun rere ni, kò sì sí ẹni tí ó ní làákàyè tí yóò bú u. Ṣùgbọ́n yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ kò lè so rọ̀ ní ojú ọ̀run. Orí ilẹ̀ tí àwọn ọmọ fi ń ṣeré ni a kọ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn sí. Nígbà tí ó tún yá, àwọn kan ṣàkíyèsí pé etí ọgbà tí ó kọjú sí títì dára fún ṣọ́ọ̀bù, wọ́n sì kọ́ ọ. Ní ìlú ńlá ẹ̀wẹ̀, ilé gbígbé ni ọ̀pọ̀ ènìyàn sọ di ilé-ẹ̀kọ́, tí ó fi jẹ́ pé ibi tí ọkọ̀ ń sùn ní òru ni àwọn ọmọ ń tò sí kọrin ní òwúrọ̀, símẹ́ńtì tàbí íńtálọ́ọ̀kì sì ti bo gbogbo rẹ̀ láti ìgun dé ìgun.

Níbi tí ilẹ̀ ṣì ṣẹ́kù, kí ni a ń fi í ṣe? A ń gbá a. Ó ti pẹ́ tí a ti ń ka ilẹ̀ pípa, tí kò ní ewé koríko kan lórí, sí àmì ìmọ́tótó, olùbẹ̀wò tí ó bá sì dé yóò yin ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ fún un. Àwa kò sọ̀rọ̀ òdì sí ìmọ́tótó. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí a ń gbá lójoojúmọ́, tí kò ní gbòǹgbò kankan tí yóò dì í mú, kì í dúró de òjò. Kí ẹnikẹ́ni tí ó bá ń ṣe iyèméjì lọ wo ẹsẹ̀ ògiri ilé-ẹ̀kọ́ tí ó wà ní ẹ̀gbẹ́ òkè: ìpìlẹ̀ tí a sin sínú ilẹ̀ nígbà tí a kọ́ ilé náà ti yọ síta, gbòǹgbò igi máńgòrò sì ti hàn gbangba bí iṣan ẹsẹ̀ arúgbó. Ìgbálẹ̀ tú erùpẹ̀ náà sílẹ̀, ọ̀gbàrá sì kó o lọ sí odò.

Ohun kejì tí a ń fi ilẹ̀ náà ṣe ni ìjìyà, èyí ni ó sì dùn wá jù. Ọmọ tí ó bá pẹ́ dé, tàbí tí ó sọ̀rọ̀ nígbà tí kò yẹ, a ó wọn ilẹ̀ fún un, èyí tí wọ́n ń pè ní pọ́ṣọ̀n, kí ó gé koríko rẹ̀ tán kí ó tó wọlé. Ẹni tí ó mọ ìwé kì í mú àdá. Ẹni tí ó ṣẹ̀ ni ń mú un. Lẹ́yìn ọdún mẹ́fà irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀, ẹnu wá ń yà wá pé àwọn ọ̀dọ́ kò fẹ́ iṣẹ́ ilẹ̀. Kì í ṣe pé a kò rí ẹni gbà wá níyànjú. Ìgbìmọ̀ Phelps-Stokes, tí ìwé rẹ̀ lórí ẹ̀kọ́ ní Áfíríkà jáde ní 1922, sọ pé kí ọgbà àti oko jẹ́ apá kan nínú ẹ̀kọ́ gan-an. Ọ̀pọ̀ òbí kọ̀ ọ́ nígbà náà, wọ́n rò pé a fẹ́ fi ọkọ́ dí ọ̀nà kálámù mọ́ ọmọ wọn ni. A kò sì lè dá wọn lẹ́bi pátápátá, nítorí pé iṣẹ́ ọ̀fíìsì ni owó oṣù wà.

Kí ilé-ẹ̀kọ́ tó dé, àgbàlá agbo-ilé ni ọmọ Yorùbá ti ń kọ́ púpọ̀ nínú ohun tí ó mọ̀. Ihò 12 àti ọmọ ayò 48 ni wọ́n fi ń ta ayò. Ẹni tí ó bá mọ̀ ọ́n ta ti mọ ìṣirò kí olùkọ́ tó kọ ọ́ sí ojú pátákó. Nínú bojúbojú ni ọmọ ti ń kọ́ sùúrù, nínú ẹkùn mẹ́ran ni ó ti ń kọ́ bí a ti ń di ọwọ́ ọmọnìkejì ẹni mú kí ẹranko má ba à gbà á lọ, nínú òkòtó ni ó sì ti ń mọ bí ohun kékeré ti ń dúró lórí ẹnu rẹ̀ níwọ̀n ìgbà tí ó bá ń yí. Òṣùpá ṣì ń yọ bí ti àtẹ̀yìnwá, ṣùgbọ́n iná mànàmáná, ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán, fóònù àti ìbẹ̀rù gbọ́mọgbọ́mọ ti kó àwọn ọmọ wọ inú ilé. Nítorí náà, fún ọ̀pọ̀ ọmọ ìlú, àgbàlá ilé-ẹ̀kọ́ nìkan ni ibi tí ó kù tí ó ti lè bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pàdé ní gbangba. Bí a bá fi símẹ́ńtì dí i, tàbí tí a kọ́ ṣọ́ọ̀bù sí i, a kò tún ní ibòmíràn tí a ó rán wọn lọ.

Irú ọ̀ràn yìí ti dé bá àwọn ilẹ̀ mìíràn pẹ̀lú, ó sì yẹ kí a gbọ́ ohun tí wọ́n ṣe. Friedrich Froebel, ará Jámánì, dá ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ kan sílẹ̀ ní Bad Blankenburg ní 1837, nígbà tí ó sì di 1840 ó sọ irú rẹ̀ ní orúkọ tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ ọgbà àwọn ọmọ. Kì í ṣe àkàwé lásán ni ọgbà tí ó wí yìí: ó fẹ́ kí ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ebè tirẹ̀, kí wọ́n sì tún ní ilẹ̀ kan tí gbogbo wọn jọ ń tọ́jú. Ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ tí ń fi orúkọ yìí sí ara pátákó wọn ní ìlú wa lónìí kò ní ibi tí ọmọ lè gbin ẹ̀wà méjì sí.

Ní ilẹ̀ Denmark, C. Th. Sørensen, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ títo ọgbà àti pápá, ṣe pápá eré fún àwọn ọmọ, ṣùgbọ́n ó kíyèsí i pé wọ́n fẹ́ràn ibi tí àwọn bíríkìlà ti ń kọ́lé jù ú lọ, níbi tí pákó àti òkúta wà káàkiri tí wọ́n lè fi kọ́ ohun tí ó wù wọ́n. Ọkùnrin náà kò bínú. Ní 1943, nígbà tí àwọn ọmọ-ogun Jámánì ṣì gba ilẹ̀ wọn, a ṣí pápá kan ní Emdrup ní ìlú Copenhagen, tí ó jẹ́ pé àlòkù pákó, bíríkì àti irin ni ó kún ibẹ̀, pẹ̀lú àgbàlagbà kan tí ń ṣọ́ àwọn ọmọ. Lady Allen ti Hurtwood, ará Gẹ̀ẹ́sì, rí i ní 1946, ó sì gbé e dé ilẹ̀ tirẹ̀, níbi tí bọ́ǹbù ti sọ ọ̀pọ̀ ilé di òkìtì. A ń fi èyí létí àwọn tí ó rò pé owó gọbọi ni a fi ń ra eré. Gbogbo wa ni a mọ ọmọ tí a ra ọkọ̀ ìṣeré fún ní ọjà, tí ó jù ú sílẹ̀, tí ó sì ń fi agolo sàdíìnì ṣe tirẹ̀.

Ní Berkeley ní California, ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí ń jẹ́ Washington ní àgbàlá tí ó tó nǹkan bíi éékà kan ààbọ̀, tí a fi ọ̀dà títì bò pátápátá. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, Robin Moore, olùkọ́ ní yunifásítì ìlú náà, àti àwọn olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́, àwọn òbí, àti àwọn ọmọ fúnra wọn, pa ìmọ̀ pọ̀. Wọ́n hú apá kan nínú ọ̀dà náà, wọ́n gbin igi, wọ́n sì ṣe omi tí ń ṣàn. Ohun tí ó wú wa lórí jù nínú ìtàn náà ni pé wọ́n kọ́kọ́ bi àwọn ọmọ léèrè ohun tí wọ́n fẹ́.

Àpẹẹrẹ tí ó súnmọ́ ìdààmú tiwa jù ni ti Paris. Ní 2003 ooru mú ní ilẹ̀ Faransé tó bẹ́ẹ̀ tí nǹkan bíi 15,000 ènìyàn fi kú. Ìlú náà wo ara rẹ̀, ó sì rí i pé àgbàlá àwọn ilé-ẹ̀kọ́, tí ọ̀dà dúdú bò, wà lára ibi tí ń kó ooru pamọ́. Ní 2017 wọ́n pète, ní 2018 wọ́n bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àgbàlá mẹ́ta, títí di òní ó sì ti ju ọgọ́rùn-ún lọ. Wọ́n ń hú ọ̀dà, wọ́n ń gbin igi, wọ́n ń fi ohun tí omi lè rì gbà kọjá tẹ́ ilẹ̀, wọ́n sì ń ṣí àwọn kan nínú wọn fún àwọn ará àdúgbò ní ọjọ́ Sátidé. Wọ́n tún rí ohun kan tí ojú tiwa náà tó: níbi tí àgbàlá bá ti jẹ́ pèrèsé, àwọn ọmọkùnrin abọ́ọ̀lù a gba àárín, àwọn ọmọbìnrin àti àwọn aláìlágbára a sì lẹ̀ mọ́ ògiri. Àwa tí oòrùn wa kò dúró de oṣù kan pàtó, tí òrùlé páànù ń yan àwọn ọmọ wa bí àgbàdo, kí ni ó yẹ kí a ti ṣe?

Ọ̀rọ̀ ojú náà wà níbẹ̀. Ní ìlú Guangzhou ní ilẹ̀ Ṣáínà, a mú ilé-ẹ̀kọ́ 12. Ní ìdajì wọn a fi ìṣẹ́jú 40 kún àkókò tí àwọn ọmọ kíláàsì kìíní ń lò ní ìta lójoojúmọ́, fún ọdún mẹ́ta. Èsì rẹ̀ jáde ní 2015. Nínú àwọn tí a kò fi kún tiwọn, nǹkan bíi 40 nínú 100 ni ojú wọn di èyí tí kò lè ríran jìnnà. Nínú àwọn tí a mú jáde, nǹkan bíi 30 ni. Ìmọ́lẹ̀ ojú ọ̀sán ni a lò fún wọn, ọ̀fẹ́ sì ni.

Ǹjẹ́ kí ni a lè ṣe níhìn-ín? Òjìji ni kí a kọ́kọ́ wá. Kò sí ọmọ tí yóò ṣeré pẹ́ nínú oòrùn agogo 12, kò sì sí olùkọ́ tí yóò kó kíláàsì rẹ̀ jáde sínú rẹ̀. Àwọn bàbá wa mọ èyí, òun ni wọ́n ṣe gbin odán sí iwájú ààfin àti ọjà. Kí a gbin igi sí ìhà ìwọ̀-oòrùn ilé, nítorí pé láti ibẹ̀ ni oòrùn ìrọ̀lẹ́ ti ń wọlé, ṣùgbọ́n kí ó jìnnà sí ògiri kí gbòǹgbò má ba à ba ìpìlẹ̀ jẹ́. Odán dára, igi tí àwọn ọmọ ń pè ní fúrúùtù, tí ẹ̀ka rẹ̀ ń tẹ́ ní ipele-ipele bí agboòrùn, tètè ń dàgbà, máńgòrò ní òjìji tútù, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá gbìn ín kí ó múra sílẹ̀ fún òkò ní ìgbà èso. Kí a ṣe ọgbà yí i ká nítorí ewúrẹ́. Bí òjìji bá ti wà, kí a to pákó ìjókòó sábẹ́ rẹ̀, kí a sì gbẹ́ ihò ayò sí ara pákó kan.

Kí a wá fún kíláàsì kọ̀ọ̀kan ní ebè tirẹ̀. Ewédú àti tẹ̀tẹ̀ kì í ju ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà lọ kí a tó lè já wọn, nítorí náà láàárín sáà kan ọmọ lè rí èso láti ìgbà tí ó wà ní àtẹ́lẹwọ́ títí yóò fi dé inú ìkòkò. Kí ó wọn gíga rẹ̀, kí ó ka ewé rẹ̀, kí ó kọ ọ́ sínú ìwé. Kí ẹ̀fọ́ náà sì bá àwọn tí ó gbìn ín lọ sí ilé ìyá wọn; bí ó bá ń gba ẹ̀yìnkùlé lọ sí ilé ìdáná ọ̀gá, àwọn ọmọ kò ní pẹ́ mọ̀ ọ́n. Lékè gbogbo rẹ̀, kí a má ṣe tún rán ẹlẹ́ṣẹ̀ kankan lọ sí ibẹ̀. Ẹni tí ó ṣe dáradára ni kí ó gba kọ́kọ́rọ́ ọgbà.

Kí a kọ orúkọ igi àti ewé kọ̀ọ̀kan sí ara pátákó kékeré, ní èdè wa: akòko, ewúro, àgbálùmọ̀, patanmọ́ tí ń pa ara rẹ̀ dé bí ọwọ́ bá kàn án. A ti bá ọmọ tí ó lè ka orúkọ èso ilẹ̀ òkèèrè mẹ́wàá pàdé, tí kò mọ igi tí ó fẹ̀yìn tì.

Òpó kan ṣoṣo tí a rì mọ́ àárín àgbàlá tó láti kọ́ ọmọ ní ohun púpọ̀ nípa ọ̀run. Kí wọ́n máa fi òkúta sàmì sí ibi tí òjìji rẹ̀ dé ní wákàtí kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni oòrùn ń dúró ní ọ̀gangan orí wa: ní Ìbàdàn, ó jẹ́ nǹkan bí ọjọ́ 8 tàbí 9 oṣù Kẹrin, àti nǹkan bí ọjọ́ 3 tàbí 4 oṣù Kẹsàn-án. Ní ọjọ́ wọ̀nyí, nígbà tí agogo 12 bá ti kọjá ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 45, òpó tí ó dúró ṣánṣán kì yóò ní òjìji rárá. Láàárín ọjọ́ méjèèjì yìí, òjìji ọ̀sán a máa nà sí gúúsù. Ní ìyókù ọdún, a máa nà sí àríwá. Ọmọ tí ó bá fi ojú ara rẹ̀ rí i kò ní gbàgbé rẹ̀ bí ó ti ń gbàgbé àwòrán inú ìwé.

Fún eré, kí a kó yanrìn jọ, ọparun, igbá fífọ́ tí ẹnu rẹ̀ kò mú, pákó tí a ti yọ ìṣó rẹ̀, àti táyà àlòkù, tí a dá ihò sí lára kí omi má ba à dúró nínú rẹ̀ fún ẹ̀fọn. Nítorí ẹ̀fọn yìí kan náà, àwa kò dámọ̀ràn adágún omi, bí ó ti wù kí ó lẹ́wà tó ní ilẹ̀ òkèèrè. Kí a fi ààlà sí pápá bọ́ọ̀lù, kí àyè tó fún súwè àti okùn fífò. Àwọn kan ti ra ìyọ̀ oníke aláwọ̀ mèremère sí iwájú ilé-ẹ̀kọ́ wọn, wọn kò sì jẹ́ kí ọmọ gùn ún àyàfi ní ọjọ́ tí a bá fẹ́ ya àwòrán. Owó rẹ̀ ì bá ra igi púpọ̀.

A ti ń gbọ́ èsì àwọn ìyá: ta ni yóò fọ aṣọ? Kí a ya ọjọ́ ọgbà sọ́tọ̀, kí ọmọ wọ àlòkù aṣọ wá ní ọjọ́ náà. Ní ti ejò, òkìtì pàǹtí tí eku ń gbé ni ó ń pè é. Koríko kúkúrú tí ń ràn mọ́ ilẹ̀ kò fi í pamọ́. Ní ti ìṣubú, yanrìn sàn ju símẹ́ńtì lọ. Àwọn tí ilẹ̀ wọn kéré lè hú íńtálọ́ọ̀kì ní igun kan, kí wọ́n sì kó erùpẹ̀ sínú àpò ìrẹsì fún ewébẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá sì wí pé àkókò ìdánwò ni eré ń jẹ, ó yẹ kí ó mọ̀ pé Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2003 ka ìsinmi àti eré mọ́ ẹ̀tọ́ ọmọ.

Ẹ̀yin alága ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́, nígbà tí ẹ bá tún pàdé, ẹ kọ́kọ́ bèèrè ìwé ilẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́ yín, kí ẹ sì mọ ibi tí ààlà rẹ̀ dé, kí onílé ẹ̀gbẹ́ tó mọ̀ ọ́n fún yín. Ẹ bi àwọn ọmọ léèrè ibi tí wọ́n fẹ́ràn nínú àgbàlá náà àti ibi tí ẹ̀rù ń bà wọ́n. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ó yà yín lẹ́nu bí ọ̀pọ̀ wọn bá dárúkọ ẹ̀yìn ilé ìgbẹ́. Òjò ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ni ó dára jù fún igi gbígbìn. Igi mẹ́ta tó láti fi bẹ̀rẹ̀, bí ẹ bá ti yan ẹni tí yóò máa bomi rin wọ́n ní ìsinmi Kérésìmesì, nígbà tí ọyẹ́ bá ń fẹ́ tí kò sì sí ọmọ kankan ní ilé-ẹ̀kọ́.